Òógùn Ọ̀fun

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gbé fóònù wá sí ìdí àga mi. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ gbọ́ nǹkan yìí. Orin àtijọ́ ni, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ló tún ń gbọ́ ọ báyìí." Kí n tó sọ pé n kò fẹ́, ó ti tẹ̀ ẹ́.

Mo gbọ́ irin tó ń lu irin. Mo gbọ́ ẹ̀rọ tó ń gé páànù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tó máa ń ṣáájú ohùn ẹni tó ń kọrin, ìró kan tó tutù, tó ki, bí ìgbà tí wọ́n bá ń da amọ̀ jáde nínú garawa.

"Bàbá àgbà, kí ni wọ́n fi ṣe ìró yẹn? Gbogbo èèyàn ló ń bèèrè."

Mo ní kó pa á. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti kúrò nílé, mo ti gbé láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè mi débi pé èmi náà ń ṣi ara mi gbọ́ nígbà míì. Ṣùgbọ́n imú kì í gbàgbé. Ìró yẹn ní òórùn. Èébì àbúrò mi ni.

*

Mẹ́ta péré ni wá, orúkọ ẹgbẹ́ wa sì ni Irin Dógùn-ún.

Wẹ́dà ló dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló di orúkọ rẹ̀: ó ń jó irin pọ̀ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìṣó, níbi tí èmi náà ti jẹ́ akọ̀wé. Ó ní ariwo ẹ̀rọ ti jẹ etí òun tán, ó kù kí òun náà jẹ ariwo. Ó kó dírọ́ọ̀mù epo jọ, ó kó ẹ̀wọ̀n, páànù àti ẹ̀rọ ìgérin. Ó fi irin àlòkù ṣe gìtá olókùn mẹ́rin, òdì ló sì ń gbé e kọ́rùn, nítorí ọwọ́ òsì ló fi ń ta á. Èmi ń fi téèpù gba ìró ẹ̀rọ ìṣó sílẹ̀, n ó sì máa yí i sẹ́yìn-sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń lù. Wẹ́dà náà ló ń kọrin níbẹ̀rẹ̀. Ká má purọ́, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ilẹ̀kùn há mọ́.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló ń pe nọ́ńbà ọkọ̀ ẹrù lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ kan náà. Kò lo fèrè, kò lo gbohùngbohùn. Tó bá pe ọkọ̀ kẹtàdínlógún, awakọ̀ tó wà nísàlẹ̀ títì á tan iná mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀fun. Abọ́ kan ni èmi àti òun fi ń jẹun láti kékeré. Ẹran ìdí abọ́, tirẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn mú Wẹ́dà, ó ní kí Ọ̀fun bá òun dí àlàfo. Ó bá a dí i. Àlàfo náà kò ṣí mọ́.

Ohùn yẹn ń ha bí ayùn lókè, ṣùgbọ́n bí o bá tẹ́tí sí abẹ́ rẹ̀, ọmọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń sunkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn àwọn òṣìṣẹ́, ogójì èèyàn ló wọlé, mọ́kànlá ló kù. Lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ń gun fèrèsé kí wọ́n lè rí wa. Àwọn ọkùnrin tó ti ń gé irin láti ogún ọdún dúró síbẹ̀, omi ń dà lójú wọn, wọn kò sì lè sọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún.

Ọ̀gá kan wá wò wá láti ilé iṣẹ́ àwo orin. Nígbà tí eré parí, ó nu ojú, ó ní, "Ohùn yìí ni mo fẹ́. Irin? Irin pọ̀ lóríta." Ó dá ọjọ́ fún wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bí àwo yẹn bá jáde, àbúrò mi á kúrò lẹ́nu géètì tí èéfín ọkọ̀ ti ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ohùn yẹn nìkan ni ọlà tí ilé wa ní.

Wẹ́dà wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ló rín. Mo rí gbogbo eyín rẹ̀, mo sì rí oúnjẹ ọ̀sán tó há sáàárín wọn.

*

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà tí à ń pè ní Bàbá Bátìrì. Ó ń gba iná sí bátìrì mọ́tò lẹ́bàá títì, àwọn tó mọ̀ sì mọ̀ pé ó ní yàrá kan lẹ́yìn ìsọ̀ náà. Ògiri yàrá yẹn tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ìgò tò síbẹ̀, ohun tó wà nínú àwọn kan ti hu irun. Kò mọ̀wé, ojú rẹ̀ kan sì ti funfun. Tó bá ṣe oògùn fún èèyàn, ó máa ń fi ìwé ìlànà lé e lọ́wọ́, nítorí ó ní ìgbàgbé àwọn oníbàárà ti sọ òun di onírọ́ tó.

Èmi ni mo ń bá a tẹ ìwé yẹn ní àárọ̀ Sátidé. Ìyá wa kò mọ̀. Ìyá ti búra pé ọmọ òun tó bá tẹ ilé olóògùn kò ní fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ilé òun mọ́.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mò ń lò kò ní àmì ohùn, kò sì ní kíní kékeré tí à ń fi sábẹ́ lẹ́tà. "Ọkọ" àti "ọkọ̀", bákan náà ló ń tẹ̀ wọ́n. N kò kà á sí. Ta ni àkókò wà fún láti máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fi fìlà sórí ọmọ?

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí Wẹ́dà lọ síbẹ̀, Wẹ́dà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbẹ̀yìn. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni kò jẹ́ kí n lè gbàgbé.

"Bàbá, ohùn kan wà tí mo fẹ́."

"Ṣé kó parẹ́ ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ máa lò ó."

Bàbá Bátìrì wúkọ́, ó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú agolo, ó sì wo inú agolo náà pẹ́ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. "Ṣé o lè mu òógùn ẹlòmíì?"

"Oògùn báwo?"

"Òógùn, mo ní. Ti abíyá. Wàá fún un lára aṣọ rẹ̀, wàá bu ẹ̀tù sí i, wàá gbé e mì. Ọjọ́ méje."

Wẹ́dà ní òun fẹ́ dìde, àmọ́ ojú ọ̀gá aláwo-orin yẹn ló dúró sí òun níwájú, níbi tó ti ń sọ pé irin pọ̀ lóríta.

"Mo lè mu ún, Bàbá."

"Ìyẹn á kàn tú okùn rẹ̀ ni o. Kó tó já bọ́, nǹkan kan kù tí kò sí lọ́wọ́ rẹ, kò sì sí lọ́wọ́ tèmi." Ó fà á létí, ó sọ nǹkan náà fún un. Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí inú bátìrì tó ti kú.

Wẹ́dà jáde láìkí i pé ó dàbọ̀.

*

Ilé ọṣẹ kan tí wọ́n ti pa tì ni a ti ń ṣe ìdánrawò. Ọ̀rá ẹran tí wọn kò rí lò wà nínú kòtò àárín ilé, ó ti di àwọ̀ eérú, eṣinṣin ń rìn lórí rẹ̀ láìbẹ̀rù pé òun á rì. Òórùn rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé wa délé. Ó máa ń wà nínú irun wa.

Òógùn máa ń bo Ọ̀fun bí ẹni tó jábọ́ sódò. Tó bá kọrin mẹ́ta, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á fi kọ́ ìṣó, á wọ òmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣẹ́ẹ̀tì orí ìṣó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó sì ń padà wá lọ́jọ́ kejì, ní lílọ́, ní gbígbẹ.

"Ẹ wò ó, ṣé ṣẹ́ẹ̀tì mi nìyí?" Ọ̀fun bi wá. "Ó dà bíi pé màlúù lá a."

Wẹ́dà kò gbójú sókè lára gìtá rẹ̀. "Ta ló máa jí ṣẹ́ẹ̀tì tó ń rùn bíi tìẹ? Màlúù gan-an ní ìtìjú."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run foríjì mí, ẹ̀rín tèmi ló ga jù.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ téèpù padà. Irin wà ní ipò rẹ̀, gìtá wà níbẹ̀. Ohùn àbúrò mi ló sún sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nídìí máíkì. Mo ní téèpù ló ti gbó. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó dà bí ẹni tó wà nínú yàrá kejì. Lójúkojú, ó ń kọrin bó ṣe ń kọ ọ́. Inú téèpù nìkan ló ti ń lọ. Ní ọjọ́ keje, ohùn náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ń mí sí i.

*

Wẹ́dà ní ẹ̀yìn kòtò ọ̀rá ni òun ti ń mu ún, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwa bá lọ ra oúnjẹ. Ó ní ìgò kékeré kan ni, ó ní iyọ̀, ó ní ìkorò, irun abíyá kan sì lẹ̀ mọ́ òun láhọ́n lọ́jọ́ kìíní.

Ó ní ọjọ́ kìíní kò burú tó bí òun ṣe rò. Ọjọ́ kẹrin ló burú, torí ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

*

Alágbàfọ̀ ni Ìyá wa. Ọgbọ̀n ọdún ló fi fọ aṣọ fún gbogbo àdúgbò. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó lè ka aṣọ. Ó yọ ṣẹ́ẹ̀tì Ọ̀fun kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó na án sí ìmọ́lẹ̀.

"Ta ló fún aṣọ yìí?"

"Ìyá, èmi kọ́," ni Ọ̀fun wí. "Ṣebí ẹ mọ̀ pé èmi àti ìfọṣọ ń jà."

"Ọ̀lẹ. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Wá wò ó." Ó fi ìka tọ ìlà ara aṣọ náà. "Ẹni tó bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀tún ni aṣọ máa ń lọ́ sí. Òsì ni èyí lọ́ sí. Ọlọ́wọ́ òsì ló fún un. Ó sì fún un bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ."

Ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá da aṣọ borí, ó jáde láìsọ ibi tó ń lọ. Ìbúra tó ṣe fún wa, òun ló kọ́kọ́ rú u.

*

Ìwé mẹ́rìnlá ni mo tẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Bátìrì ní Sátidé yẹn. Ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Á sọ ìlànà kan, á tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀, á sọ òmíràn. Kò dárúkọ oníbàárà rí. Agolo rẹ̀ ti kún, ó ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi áńkáṣíìfù dí imú, mo fi ọwọ́ kan tẹ̀wé, ọkàn mi sì ti wà lóde. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́tà nìkan ni mò ń gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Ìyá pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú ẹ̀tù aláwọ̀ eérú kan jáde, àti ìwé.

"Akọ̀wé ilé, bá mi ka èyí. Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbà á. Ọ̀la ni wọ́n máa gba orin yín sílẹ̀. Ẹni tó fún mi ní ẹ̀tù yìí ní bí a bá tẹ̀ lé ìwé, kò sí ẹni tó máa lè mú ohùn àbúrò rẹ lọ."

Lẹ́tà e inú rẹ̀ ti dí fún yíǹkì. Ẹ̀rọ mi ni. Ọwọ́ mi ni. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

Wa oogun re. Bu etu yii si i. Ki olohun gbe e mi laaro ojo ise.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo yára jù.

"Wá oògùn rẹ kẹ̀?" Ìyá wí. "Oògùn ni mo lọ gbà, oògùn náà ló tún ní ká lọ wá?"

"Òógùn ni, Ìyá. Òógùn ara."

"Ẹn-ẹ́n. Òógùn ta ni?"

Mo lè sọ pé kí wọ́n dúró, kí n sáré lọ bi Bàbá Bátìrì. Ìyá á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ọ̀nà. Ọ̀fun jókòó sórí garawa níwájú mi, ó ń wo ẹnu mi bó ṣe máa ń wò ó láti kékeré, bí ẹni tí ohun tí mo bá sọ ti tó fún. Ìwé olóhùn ni, olóhùn ló sì jókòó yìí.

"Òógùn rẹ," mo wí fún un. "Tìẹ. Tìẹ ni kí o mu."

"Tèmi?" Ó gbóòórùn abíyá rẹ̀, ó yí ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí bẹ́ńsíìnì níbẹ̀ tí mo lè mu dípò?"

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ìyá, ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà."

Lẹ́yìn Ìyá gan-an, aṣọ iṣẹ́ Wẹ́dà wà nínú ọpọ́n, ọrùn rẹ̀ dúdú kirikiri fún òógùn, ó ń dúró de ọṣẹ. Láti ìgbà tí ìyàwó Wẹ́dà ti kó jáde ni Ìyá ti ń bá a fọṣọ.

*

Yàrá ìgbohùnsílẹ̀ náà kéré, wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì bo ògiri rẹ̀. Èmi wà nídìí téèpù lẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú ọ̀gá. Wẹ́dà wà láàárín dírọ́ọ̀mù rẹ̀. Ọ̀fun wọ ilé ìwẹ̀ lọ pẹ̀lú ife. Nígbà tó padà, ẹnu rẹ̀ funfun létí, ó gbé àtàǹpàkò sókè sí mi.

Mo rí Wẹ́dà. Ojú rẹ̀ wà lára ife òfìfo tó wà lọ́wọ́ Ọ̀fun, lára eérú tó kù nídìí rẹ̀. Ó gbé imú sókè, ó fà á simú. Ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n sọ fún pé òkú rẹ̀ jí.

"Ó yá," ni ọ̀gá wí. Mo tẹ téèpù.

Irin lu irin. Ẹ̀rọ gé páànù. Ọ̀fun la ẹnu sí máíkì, kò sí nǹkan kan. Ó tún là á. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí okùn. Ó tẹ̀, ó di inú mú, ó sì bì. Ohun tó jáde kì í ṣe oúnjẹ. Ó ki, àwọ̀ eérú ni, bí ọ̀rá inú kòtò ilé ọṣẹ, ó ń jáde láìdúró, ó ń dà sára máíkì, sára bàtà rẹ̀, eruku irin sì ń dán nínú rẹ̀.

Nígbà náà ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ẹnu Wẹ́dà ló ti ń jáde. Ayùn yẹn lókè, ọmọ tó ń sunkún yẹn lábẹ́. Àbúrò mi gbójú sókè nínú èébì, ó gbọ́ ara rẹ̀.

Mo na ọwọ́ láti pa téèpù. Ọ̀gá di ọwọ́ mi mú, kò fi agbára mú un rárá. "Fi í sílẹ̀," ó wí pẹ̀lẹ́. "Jẹ́ kó máa lọ." Mo fi í sílẹ̀. Ìyẹn náà wà lọ́rùn mi.

*

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ Bàbá Bátìrì kí oòrùn tó yí.

"Òógùn rẹ̀ ni mo wí," ó dá mi lóhùn. "Rẹ̀. Òógùn olè. Ta ló ní kí olóhùn mu ti ara rẹ̀? Nǹkan kan ṣoṣo tí mo ní kí wẹ́dà yẹn máa retí nìyẹn: kí olóhùn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òógùn ara rẹ̀ mì. Mo mọ̀ pé kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Mo kàn fi lé e lọ ni." Ó tu sínú agolo. Ó yí ojú rẹ̀ tó ṣì ríran sí mi. "Ta ló kà á fún wọn?"

Mo wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà. Òun náà wò ó.

Àwo náà jáde. Wẹ́dà di ẹni tí wọ́n ń pè láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n ohùn tí kì í ṣe tẹni kì í gbọ́ ti ẹni. Kò pé ọdún kan tí kò fi lè pa ẹnu dé mọ́. Ó ń kọrin lójú oorun, ó ń kọrin lórí oúnjẹ. Òkèlè ń jáde padà, itọ́ ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀ títí awọ ibẹ̀ fi jẹrà, tí ìdin fi wọ̀ ọ́. Mo lọ wò ó. Ó fi ohùn àbúrò mi jẹ́wọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín, ó sì ń fi ohùn náà bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá ẹni tó máa gbà á. Aṣọ ni wọ́n fi dí i lẹ́nu nígbà tí wọ́n ń sin ín. Àwọn tó gbé e ní ó ṣì ń ró lábẹ́ aṣọ.

*

Àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìyá fọṣọ, òun tó ní òun àti ìfọṣọ ń jà. Tó bá ní ọ̀rọ̀ fún oníbàárà, á kọ ọ́ sórí ìwé pélébé. Kò sí ọ̀rọ̀ tó kọ tí kò fi àmì sí, àmì lókè, àmì nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń kan ìṣó. Kò bínú sí mi lójú. Kò rẹ́rìn-ín sí mi náà.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sí ìdálẹ̀, ó gbé ẹrù mi dé ibùdókọ̀, ó ti ìwé kan bọ àpò mi. Mo ti wà lójú ọ̀nà kí n tó ṣí i. Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀.

Egbon mi, eyin le ba mi je.

Ní òwúrọ̀, mo máa ń rí abọ́ wa, ọwọ́ méjì nínú rẹ̀, ẹran ìdí abọ́ tí mo fi sílẹ̀ fún un, n ó sì gbà pé ohun tó ń sọ ni pé èmi ni mo bá òun jẹ. Bó bá di ọjọ́rọ̀, èmi ni mo bà á jẹ́. Ó kú lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. N kò sí nílé, n kò sì bi í.

Kò sí ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ láti ọjọ́ yẹn tí n kì í fi àmì sí, títí dé orúkọ oògùn ikọ́ mi lára ìgò. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ni kálámù mi kò tíì lè fọwọ́ kàn.